Olùtọ́sọ́nà kì í ṣe bàbá ìsàlẹ̀

Mo máa ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sọ́nà lórí bí wọ́n ṣe lè ríṣẹ́, pàápàá àwọn ọmọ ẹ̀yà kékeré. Ẹ̀gbọ́n kan tún sọ ọ́ fún mi ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta: "Kí lo tiẹ̀ ń bá àwọn ọmọ yunifásítì yẹn sọ? Bí o ò bá lè fún wọn níṣẹ́, ńṣe lò ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ẹni ńlá ló ń fi ọmọ síṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, wádìí bí àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ìlú Newton, l'Amẹ́ríkà, ṣe ríṣẹ́, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1973. Nínú àwọn tó tipasẹ̀ ojúlùmọ̀ ríṣẹ́, bíi 17 péré nínú 100 ló ń rí ojúlùmọ̀ náà lemọ́lemọ́. Àwọn yòókù, ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, tàbí ẹni tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ẹbí rẹ mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ará ìta ló ń gbọ́ ohun tí kò dé etí yín. Irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wọ́n ọmọ ẹ̀yà kékeré jù.

Ọmọ Ègùn kan láti apá Ìpókíá, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, mú CV rẹ̀ wá bá mi nígbà tó ń wá ibi tó ti máa ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níléeṣẹ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni ọjọ́ ìbí, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwé kíkà bí eré ìdárayá. Mo bi í pé kí ló máa ń ṣe nílé. Ó ní ìyá òun ń yan ẹja tà, òun ló sì ń kọ ìṣirò rẹ̀: iye ẹja tó wọlé, owó igi, èyí tó bàjẹ́. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ torí ó rò pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́! Òkè pátápátá la gbé e sí. Mo ní kó má kàn ju lẹ́tà sílẹ̀ lẹ́nu géètì ibi tó ti fẹ́ ṣe IT náà, kó béèrè ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ẹja. N ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, n ò sì pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà á, ìṣirò yẹn sì ni ọ̀gá náà kọ́kọ́ bi í léèrè.

Wọ́n á ní lẹ́tà ẹni ńlá ló ń ṣiṣẹ́ nílùú yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ní in? Lóòótọ́, èèyàn lè tọ́ ẹlòmíì sọ́nà tán kíṣẹ́ má tètè yọ.

Ẹ̀yin oníṣirò owó, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ẹnjiníà Abẹ́òkúta, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń béèrè níbi iṣẹ́ yín. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò lẹ́nìkan, kí ẹ sọ ọ́ fún un lọ́sẹ̀ yìí.