Ọ̀fẹ́ Tí Ọwọ́ Kò Tó

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ pé ìmọ̀ ti di ọ̀fẹ́ lórí ayélujára, pé ìwé wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ máa mú. Irọ́ kọ́, àmọ́ ó ku díẹ̀ káàtó. Púpọ̀ nínú nǹkan tí wọ́n gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ ni kò sẹ́ni tó lè rí i, àyàfi ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ní tèmi o, iṣẹ́ tó kù báyìí kì í ṣe ká túbọ̀ máa rọ́ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ká fún èyí tó ti wà níbẹ̀ lórúkọ, ká ṣàpèjúwe rẹ̀, ká jẹ́ kó ṣeé rí, iṣẹ́ tó kù nìyẹn. Kò dùn ún ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Wikimedia Commons ná. Ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀ kí Wikipedia ní gbogbo èdè lè máa rí àwòrán mú níbì kan ṣoṣo, fáìlì tó wà níbẹ̀ lónìí sì ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Mo ṣí ojú-ewé fọ́tò kan níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Igún kan ló bà lé orí àpáta. Fọ́tò náà mọ́ kedere débi pé èèyàn lè máa ka ìyẹ́ apá rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ tínrín, ojú rẹ̀ tí kò ní ìyẹ́ pupa díẹ̀, ìyẹ́ múlọ́múlọ́ sì bo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹyẹ á ti mọ̀ pé Necrosyrtes monachus nìyẹn, irú igún tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti kà mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé lórí láti ọdún 2015. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa rẹ̀ ń wá irú fọ́tò yìí lójú méjèèjì.

Orúkọ wo wá ni onífọ́tò fún un? “Ẹyẹ”, lédè Gẹ̀ẹ́sì, tòun ti nọ́ńbà kan lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tó yẹ kó ti ṣàpèjúwe, ó kọ ọ́ pé òun fúnra òun lòun yà á. Ẹ̀ka tó wà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó fáìlì tó jọra pọ̀ sí, òfìfo. Ibi tó ti yà á, òfìfo. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ tí oníwàádìí yẹn máa tẹ̀ sínú àpótí ìwárí tó máa gbé e jáde. Àfi kó ṣèèṣì já lù ú.

Mi ò sì ní pe onífọ́tò yẹn ní ọ̀lẹ. Ó gbé kámẹ́rà jáde, ó ní sùúrù fún ẹyẹ, ó ná dátà láti gbé fọ́tò sókè. Ìgbà tó ku iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré ló jáwọ́. Mo ti bá a fi orúkọ ẹyẹ náà síbẹ̀, mo sì ti fi sí ẹ̀ka tó yẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa Commons nìyẹn, ẹni tó bá rí àléébù lè tún un ṣe. Orúkọ fáìlì nìkan ni mi ò lè yí padà fúnra mi, ó di kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó láṣẹ.

Ohun kan wà tó dé ní 2019 tí kò gba àfiyèsí tó. Ọdún yẹn ni Commons bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí èèyàn kọ àlàyé kúkúrú sábẹ́ fáìlì ní èdè tó bá wù ú, kó sì fi àmì sọ ohun tó wà nínú àwòrán. Àmì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè kankan, nọ́ńbà tó ti Wikidata wá ni, àkójọ ìsọfúnni ọ̀fẹ́ tó fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Q144 ni ti ajá. Bí mo bá fi Q144 sára fọ́tò kan, mo ti sọ fún ẹ̀rọ pé ajá ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ á sì mọ orúkọ tí èdè kọ̀ọ̀kan ń pè é, bí ẹnì kan bá ṣáà ti kọ orúkọ yẹn sí Wikidata. Ẹ̀ka la gbójú lé tẹ́lẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orúkọ ẹ̀ka. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti já sọ́nà kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ní àkókò díẹ̀ tí mo fẹ́ fi ran ìmọ̀ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́, ibi kíkọ orúkọ nǹkan sí Wikidata lédè mi ni màá lò ó sí, torí orúkọ kan ṣoṣo tí mo bá kọ síbẹ̀ á ṣílẹ̀kùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má rò pé àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ nìkan ni mò ń bá wí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, British Library, ilé ìkówèésí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó àwòrán tó lé ní mílíọ̀nù kan sórí Flickr, ìkànnì tí wọ́n ń kó fọ́tò sí. Inú àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìkọkàndínlógún ni ẹ̀rọ ti gé wọn jáde, máàpù, àwòrán ilé, lẹ́tà aláràbarà, oríṣiríṣi. Wọ́n mọ ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá àti ojú-ewé tó wà. Ohun tó wà nínú àwòrán gan-an ni wọn ò mọ̀. Mo gbóríyìn fún wọn torí wọn ò fi bò. Wọ́n ní kí aráyé wá bá àwọn wò ó, aráyé sì jáde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún máàpù ni àwọn èèyàn tí wọn ò sanwó fún ṣà jáde nínú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n sì wá ń tò wọ́n sórí máàpù ayé òde òní kí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ lè hàn. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá máàpù ìlú àtijọ́ kan ì bá kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ilé ọnà Metropolitan tó wà ní New York gbé àwòrán tó tó 375,000 sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2017, wọ́n yọwọ́ lórí rẹ̀ pátápátá. Smithsonian, àjọ tó ni ọ̀pọ̀ ilé ọnà ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kejì ọdún 2020 pẹ̀lú mílíọ̀nù 2.8. Kì í ṣe iye yẹn ló ń gbé mi lọ síbẹ̀. Ẹ ṣí ohunkóhun níbẹ̀, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó ṣe é bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ìgbà tó ṣe é, ohun tó fi ṣe é, bó ṣe tóbi tó, àti àṣẹ tó wà lórí rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, àwọn ilé ọnà kan ṣì wà tí wọ́n ń gbé àwòrán kékeré tó rí bàìbàì síta, tí wọ́n á ní kí ẹni tó bá fẹ́ èyí tó mọ́ wá sanwó, lórí iṣẹ́ olùyàwòrán tó ti kú láti bí 300 ọdún! Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2019 ti sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀dà lásán tí wọ́n yà lára iṣẹ́ ọnà tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti parí kò lè tún bí ẹ̀tọ́ tuntun. Àwọn kan ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìlò ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀fẹ́ ti máa ń dààmú ẹni. Ẹnì kan á gbé àwòrán síta, á ní “ẹ máa mú un lò”. Ta ló ní in? Ṣé ìwọ lo yà á? Ṣé mo lè gé e? Ṣé mo lè fi sínú ìwé tí mo fẹ́ tà? Bí kò bá sí àṣẹ kan pàtó níbẹ̀, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní fọwọ́ kàn án, ẹni tí kò mọ̀ á sì mú un, á wá wọ wàhálà. Láti ọdún 2002 ni àjọ Creative Commons (kì í ṣe Wikimedia Commons o) ti ṣe àwọn àṣẹ tó ṣeé lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹni. BY ni pé kí wọ́n dárúkọ rẹ. SA ni pé ẹni tó bá tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi irú àṣẹ kan náà gbé tirẹ̀ síta. NC ni pé kí wọ́n má fi ṣòwò. CC0 ni pé o ti yọwọ́yọsẹ̀ níbẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn NC, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń mú kí àwọn èèyàn yàn án, wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíì fi iṣẹ́ wọn di olówó. Àmọ́ Wikimedia Commons kì í gba NC, torí náà ẹni tó bá fi sára fọ́tò rẹ̀ ti ti Wikipedia mọ́ta, olówó tó ń sá fún yẹn ò sì mọ̀ pé ó wà láyé.

Ẹni tó bá sì ń wá àwòrán tó ní àṣẹ, kó lọ sí Openverse, ẹ̀rọ ìwárí tí Creative Commons fà lé àwọn WordPress tó ń ṣe irinṣẹ́ ìkànnì lọ́wọ́ ní 2021. Google Images náà ní ibi téèyàn ti lè ní kó mú kìkì èyí tó ní àṣẹ Creative Commons wá. Ẹ tẹ Tools, ẹ wá Usage Rights. Kí ló dé tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ abẹ́ báyẹn? Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ tó ń lo Google lójoojúmọ́ ò rí ibẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn tí ojú wọn ò ríran. Ní 1999, nígbà tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ìkànnì ayélujára, kọ́kọ́ gbé ìlànà jáde lórí bí ìkànnì ṣe lè wà fún gbogbo èèyàn, ohun tí wọ́n fi ṣe ìkíní pàá ni pé kí gbogbo àwòrán ní ọ̀rọ̀ tó dúró fún un. Lọ́dọọdún láti 2019 ni WebAIM, àjọ tó ń rí sí i pé ìkànnì ṣeé lò fún àwọn aláàbọ̀ ara, ti ń yẹ mílíọ̀nù kan ojú-ewé àkọ́kọ́ ìkànnì wò, lọ́dọọdún náà ni wọ́n sì ń rí i pé èyí tó ju ìdajì lọ ló ní àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè fún afọ́jú bá dé orí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, yóò fò ó, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ fáìlì, I, M, G, àti nọ́ńbà gbọọrọ kan. Èyí tó tún wá burú jù ni ìkéde tí wọ́n kọ sínú àwòrán. Ọjọ́, àkókò, ibi ìpàdé, gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí aláwọ̀ mèremère kan, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Afọ́jú ò lè gbọ́ ọ, ẹ̀rọ ìwárí tó ń ka ọ̀rọ̀ ò rí nǹkan kà, ẹni tó fẹ́ ṣẹ̀dà àdírẹ́sì ò rí i ṣẹ̀dà. Ìwé PDF tí wọ́n kàn ya fọ́tò ojú-ewé rẹ̀ náà ò yàtọ̀. Ìwé ọ̀fẹ́ tó ní 400 ojú-ewé, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ò ṣeé wá! Àwòrán lásán ni.

Àwòrán atọ́ka náà ní tirẹ̀. Ká ní ẹnì kan ya ọkàn èèyàn, ó fi ọfà tọ́ka sí iṣan kọ̀ọ̀kan, ó kọ orúkọ wọn sí i. Bó bá gbé e jáde bíi PNG tàbí JPEG, orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ àwòrán, olùkọ́ tó ń fi èdè míì kọ́ni ní láti tún gbogbo rẹ̀ yà. Bó bá jẹ́ SVG ni, irú fáìlì tó lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ nínú àwòrán, tó sì fi àwọn orúkọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, èèyàn lè pààrọ̀ wọn láìfọwọ́ kan ilà kankan. Irinṣẹ́ kan tiẹ̀ wà fún fáìlì Commons, SVG Translate, tó ń to àwọn ọ̀rọ̀ inú àwòrán náà kalẹ̀ kéèyàn kọ ti èdè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Àwọn kan á ní kí n má da ara mi láàmú, ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn á ṣàpèjúwe gbogbo rẹ̀. Á ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́. Ó lè sọ pé ẹyẹ ńlá kan wà lórí àpáta, ó tiẹ̀ lè méfò irú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yà á, ọjọ́ tí wọ́n yà á, orúkọ àwọn tó dúró nínú fọ́tò, ìdí tí wọ́n fi pé jọ, ibo ni ẹ̀rọ á ti rí ìyẹn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ò bá kọ ọ́? Yóò méfò, a ó sì wá máa ka èyí tó méfò bí ẹni ń ka ìtàn.

Ti àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó já gaara kò gùn. Kiwix wà. Èèyàn lè fi gba odindi Wikipedia sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, kó máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ti Gẹ̀ẹ́sì tòun ti àwòrán tó bíi 100 gígábáìtì, àmọ́ ti àwọn èdè tí àpilẹ̀kọ wọn ò pọ̀ kéré sí i dáadáa. Kí ẹnì kan níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa gbà á, kó fi káàdì mẹ́mórì kó o fún àwọn yòókù.

Ó ku ti àwọn nǹkan tó ń pòórá. Iléeṣẹ́ ìwádìí Pew sọ ní 2024 pé nínú àwọn ojú-ewé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013, ìpín 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé ṣí mọ́ nígbà tó fi máa di 2023. Nítorí náà, bí mo bá rí ojú-ewé tó wúlò, mi ò kàn ń fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́. Wayback Machine ti Internet Archive ní àpótí kan tí wọ́n kọ Save Page Now sí. Mo máa ń lẹ àdírẹ́sì náà síbẹ̀, wọ́n á gba ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì fún mi ní àdírẹ́sì míì tí mo lè fi sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọn kì í ní kéèyàn kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Àwọn ìkànnì kan wà tí kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé, ìyẹn ò sì sí lọ́wọ́ wa.