Ẹ Fi Ẹ̀wà Tó Mọ́ Bọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Nínú ọmọ márùn-ún tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, nǹkan bíi méjì ni kò ga tó ẹgbẹ́ wọn. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 ní ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2023 sí 2024, ó ti di 40. Àìsàn àti omi ìdọ̀tí wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n àìjẹunrekánú ló ṣáájú. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń yó. Wọ́n ń mu ògì, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà, wọ́n ń jẹ àmàlà, ohun tó ń mú ọmọ dàgbà ni kò sí nínú abọ́.

Bí a bá ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ báyìí, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé ẹran ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹja wọ́n, ẹyin náà ti kúrò lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Síbẹ̀, a kò gbà pé ibi tí ẹran bá tán sí ni oúnjẹ aṣaralóore tán sí. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, àti ti Kwara pẹ̀lú, gbé oúnjẹ ọmọ iléèwé ka orí ẹ̀wà, sóyà àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì rí i dájú pé ẹ̀wà tí wọ́n bá rà kò ní májèlé nínú.

Láyé àtijọ́, àwọn àgbà wa kì í fún ọmọdé lẹ́ran púpọ̀. Wọ́n ní ọmọ tí ẹran bá ti mọ́ lẹ́nu yóò di olè. Bàbá ló ń jẹ èyí tó nípọn, ọmọ á máa lá ọbẹ̀. A kò ti àṣà yẹn lẹ́yìn, torí ọmọ tó ń dàgbà ni púrótéènì, èròjà tó ń mú ara dàgbà, yẹ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ìyá ń gbé fún ọmọ nígbà náà: mọ́ínmọ́ín, àkàrà, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, àdàlú, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹ̀gúsí sè. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, púrótéènì tó wà níbẹ̀ tó gíráàmù 23. Ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí tó 25, sóyà sì tó 36. Bí ẹ̀wà bá jinná, omi á ti wọ̀ ọ́, iye náà á bọ́ sí nǹkan bíi 8 nínú 100, ìdí nìyẹn tí ṣíbí ẹ̀wà méjì tí wọ́n bù lé orí ìrẹsì kò fi tó ọmọ. Abọ́ ẹ̀wà tó kún la ń wí.

Ohun tó dín nínú púrótéènì ẹ̀wà, inú àgbàdo àti ìrẹsì ló wà. Ohun tó dín nínú ti àgbàdo, ẹ̀wà ló ní in. Ọmọ tó bá jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, tàbí tó jẹ àdàlú, ti rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìyá wa ti ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil pàápàá gbé ọgbọ́n yìí dání: acarajé tí àwọn obìnrin ń dín nínú epo pupa ní ìgboro Salvador títí dòní, àkàrà wa ni, ìjọba Brazil sì ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn láti 2005.

Níbí, ẹ̀wà ti di oúnjẹ aláìní lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí wọ́n gbé ìrẹsì fún lóde àríyá tí kò rí ẹran lórí rẹ̀ á gbà pé wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú òun ni. Ojú yẹn náà ni àwọn òbí kan fi ń wo oúnjẹ iléèwé. Kí wọ́n wo Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí ìjọ Adventist dá sílẹ̀: oúnjẹ tí kò ní ẹran ni wọ́n mọ ilé ìjẹun ibẹ̀ mọ́, ọmọ olówó sì pọ̀ níbẹ̀.

Ó yẹ ká sọ ibi tó ti gba ìṣọ́ra. Kò sí fítámì B12 tó ṣeé gbára lé nínú ewéko, ara sì nílò rẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára. Ẹni tó bá pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì pátápátá gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀ tàbí oúnjẹ tí wọ́n ti fi sí, aláboyún àti ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́ sì gbọ́dọ̀ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lé alápatà kúrò lọ́jà. Ọmọ tó rí ẹyin jẹ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa jẹ ẹ́.

Ìdáná wa náà ń kó èrè oúnjẹ dànù. Ẹ wo bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ: a á rẹ́ ẹ, a á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a á fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí omi aláwọ̀ ewé á fi jáde, a á da omi náà sẹ́yìnkùlé. Púpọ̀ nínú fítámì C àti fólétì, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ti bá a lọ. Kánún tí a ń jù sínú ewédú àti ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀ ń ba fítámì B1 jẹ́. Kí ẹ̀wà tètè jinná, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ wá gbé e kaná. Á dín owó gáàsì kù, á sì dín inú kíkún kù. Èròjà irin tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran, àfi bí ohun tó ní fítámì C bá wà pẹ̀lú rẹ̀: ata, tòmátì, ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ. Tíì tí a ń mu pẹ̀lú oúnjẹ ń dí i lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni májèlé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń dà sí i nínú àká. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa wà láàárín mílígíráàmù 0.03 sí 4.6 nínú kílò kan, 0.01 ni òfin wọn gbà. Wọ́n fi kún ọjọ́ ìfòfindè náà léraléra. Àwọn ìjọba Yúróòpù dáàbò bo ọmọ tiwọn, wọn kò jẹ̀bi. Ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní Bódìjà tàbí Mile 12 kò ní ọ̀nà kankan láti mọ èyí tí wọ́n da oògùn sí, àfi tí òórùn rẹ̀ bá fẹ́ sí i nímú. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré mílílítà 100 oògùn náà lọ́jà. Ó dára, ṣùgbọ́n kòkòrò kò gbọ́ òfin. Alágbàtà tó kó owó rẹ̀ lé àpò ẹ̀wà, tó sì rí i tí kòkòrò ń lu ú, yóò wá ohun tí yóò fi pa á.

Ohun tí kò ní májèlé wà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bá àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù ṣe é láti ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1980: àpò onípele mẹ́ta, ọ̀rá méjì nínú, àpò líle bíi ti ìrẹsì lóde. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o sí i. Wọ́n á fún afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀rá àkọ́kọ́, wọ́n á lọ́ ọrùn rẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á so ó le. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rá kejì, kí wọ́n tó wá so ti òde. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù tán, kò ní lè jẹ, kò ní lè bímọ, á kú. Ẹ̀wà á wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìfi oògùn kankan sí i. Wọ́n ń tà á ní Nàìjíríà. Owó rẹ̀ ju ti àpò lásán lọ, ibẹ̀ ni owó ìjọba ti yẹ kó wọlé.

Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, irú ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ni wọ́n tọ́jú pamọ́, kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí ti ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko Ọ̀yọ́ bí wọ́n ṣe lè po sóyà mọ́ ògì ọmọ. Wàrà sóyà tí àwọn ìyá ń dín ta, tí wọ́n ń fi omi ògì tó ti kan mú dì, ṣeé gé sínú ọbẹ̀ ata níbi tí ègé ẹran ì bá wà. Sóyà gbọ́dọ̀ jinná dáadáa ṣáá, torí bó bá wà ní tútù, kì í jẹ́ kí inú lo púrótéènì rẹ̀.

Ọ̀ṣun ti fi hàn láti 2012 pé ìpínlẹ̀ lè bọ́ ọmọ iléèwé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé tirẹ̀ dé ní 2016, nàírà 70 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ọmọ kan, ó di 100 lẹ́yìn náà, wọ́n sì dá ètò náà dúró ní oṣù Kínní 2024 láti wádìí rẹ̀. Ẹni tó bá ní dandan ẹran pẹ̀lú irú owó bẹ́ẹ̀, yóò gé e wẹ́wẹ́ títí ọmọ kò fi ní rí i. Owó ẹ̀wà náà kò dúró lójú kan: ní 2024, ó ju ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nítorí náà ni àkókò ríra rẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá ni wọ́n ń kórè ẹ̀wà jù ní Àríwá, ìgbà náà ló máa ń pọ̀ jù lọ́jà. Kí àwọn gómìnà rà á tààrà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà yẹn, nínú àpò onípele mẹ́ta, kí wọ́n yẹ díẹ̀ wò nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan fún dichlorvos, kí wọ́n sì lẹ èsì àyẹ̀wò náà mọ́ ara ògiri iléèwé níbi tí òbí ti lè kà á. Ìpínlẹ̀ tó bá dúró di oṣù Kẹfà kó tó wọjà yóò rà á lọ́wọ̀n-ón, lọ́wọ́ ẹni tó ti da oògùn sí i.