Irọ́ ni pé àfi kí a gé fítíǹgì push-fit

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gé páìpù yín dànù torí pé wọ́n ní páìpù tó wà nínú fítíǹgì push-fit, ìyẹn ohun ìsopọ̀ tí a kàn ń ti páìpù bọ̀ lẹ́nu, "tó bá ti wọlé, kò lè jáde mọ́." Mo gbọ́ ọ ní Ṣàgámù, mo gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn púlọ́ńbà ẹgbẹ́ mi pàápàá ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òrùka irin eléyín kan ló wà nínú fítíǹgì yẹn. Eyín rẹ̀ kọjú sínú, ó ń gba páìpù láyè láti wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń fà á, bẹ́ẹ̀ ló ń bu páìpù jẹ sí i. Ẹni tó fà á títí á ní ó ti di. Fífà yẹn gan-an ló dì í.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Ojúde Ọba, màmá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde pè mí. Omi ń jò lábẹ́ sínkì, ewùrà tí wọ́n fẹ́ rin fún ìkọ́kọrẹ́ sì wà nílẹ̀. Fítíǹgì náà fara mọ́ ògiri débi pé ìka mi kò wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ṣáájú mi ti fi ayùn lélẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ ná."

Mo ti omi pa, mo ṣí ẹ̀rọ omi òkè kí èyí tó kù nínú páìpù lè jáde, torí bí omi bá ṣì ń tì í, eyín yẹn kò ní tú. Lẹ́yìn náà ni mo ti páìpù WỌLÉ díẹ̀, kí eyín lè dẹ̀ lára rẹ̀. Ibí yìí ni kì í yé àwọn èèyàn. Mo fi sípánà ẹlẹ́nu yíyà tó gba páìpù 15 mm náà há a lọ́rùn, mo fi ẹ̀gbẹ́ sípánà tẹ òrùka ike ẹnu fítíǹgì wọlé, dọ́gba lápá méjèèjì. Mi ò tú u sílẹ̀, mo sì fa páìpù. Ó yọ.

Àwọn fítíǹgì kan wà tí wọ́n ní ìdérí tí a ń yí. Ẹ kọ́kọ́ tú ìyẹn ná.

Eyín ti ha ẹnu páìpù màmá, ibẹ̀ sì ni rọ́bà tó ń dí omi nínú fítíǹgì ń jókòó lé, omi á jò bí a bá dá a padà bẹ́ẹ̀. Mo gé díẹ̀ níbẹ̀, mo fá etí rẹ̀, mo tì í padà. Kò jò mọ́.