Ọ̀rá tó ń jò ńkọ́?
Ẹ̀yin tí ẹ ní kí iléeṣẹ́ máa fún òṣìṣẹ́ ní máàkì, kí wọ́n lẹ orúkọ ẹni tó ṣe jù mọ́ ògiri bí eré ìdíje, ẹ kú iṣẹ́. Níbi tí àbúrò mi ti ń di píọ̀ wọ́tà lọ́nà Asa Dam, n'Ílọrin níbí, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá di àpò jù lọ́sẹ̀ ń gba káàdì ìpè. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ wọn o. Ní báyìí, àtọ̀rá tó ń jò àtèyí tó dáa, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ sápò, torí iye àpò nìkan lọ̀gá ń kà! Amazon, iléeṣẹ́ tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà gbé irú eré yìí wọ ilé ìkẹ́rùsí wọn l'Ámẹ́ríkà, ìwé ìròyìn Washington Post ròyìn ẹ̀ ní 2019, àmọ́ Amazon ní kì í ṣe dandan. Tiwa ńkọ́? Ẹni tó bá gbẹ̀yìn, wọ́n á pe orúkọ ẹ̀ síta, aláboyún pàápàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka èyí tí kò jò, kí ọ̀wọ́ àárọ̀ sì bá ọ̀wọ́ alẹ́ díje, dípò ẹnì kan sí ẹnì kan.