Símẹ́ǹtì funfun kọ́ ló ń wo ihò omi balùwẹ̀ tó ń jò sàn
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń káàkiri WhatsApp pé bí ihò omi balùwẹ̀ òkè bá ń jò sí yàrá ìsàlẹ̀, kí a sáà fi símẹ́ǹtì funfun rẹ́ etí asẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Símẹ́ǹtì yẹn kì í dé oríkèé páìpù tó wà lábẹ́, níbi tí jíjò ti sábà ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ọ̀rá wé àkísà, ẹ fi dí ihò náà pa, ẹ da omi sílẹ̀ kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ sàmì sí ara táìsì, ẹ dúró fún wákàtí kan. Bí omi bá lọ sílẹ̀, ilẹ̀ tàbí etí asẹ́ ló ń jò. Bí kò bá lọ, àmọ́ tí àjà ìsàlẹ̀ tutù lẹ́yìn tí ẹ ṣí i, páìpù ni: kí púlọ́ńbà gé oríkèé náà, kó fi gọ́ọ̀mù PVC lẹ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.