Èéfín Ìbàdàn: ẹ yé ti iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sínú dúrọ́ọ̀

Ẹni tó bá dúró ní Ìwó Road láàárọ̀, tí Máíkírà àti tírélà ń tú èéfín lé e lórí, kó fi hánkáṣíìfù funfun nu imú, á rí nǹkan dúdú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n o, àmọ́ tẹ́nì kan bá ní èéfín ń pààyàn, wọ́n á ní ibo lo ti rí i, ṣé wọ́n kọ ọ́ sára òkú ni?

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń tọpa àìsàn káàkiri ìlú ni láti dáhùn ìbéèrè yẹn. Onímọ̀ kan, Douglas Dockery, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ṣọ́ èèyàn 8,111 nílùú mẹ́fà l'Ámẹ́ríkà fún bí ọdún 14 sí 16, wọ́n yọ ti sìgá kúrò nínú ìṣirò, ìgbà tí èsì jáde lọ́dún 1993, ikú nílùú tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ dọ̀tí jù fi ìdá 26 nínú 100 ju tìlú tó mọ́ jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fapá jánú, síbẹ̀ lọ́dún 1997 ìjọba wọn ṣòfin lórí eruku kíkúnná tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóóró.

Ká tiẹ̀ fi t'Amẹ́ríkà sílẹ̀. Níbí n'Íbàdàn, àwọn onímọ̀ UI (Yunifásítì Ìbàdàn) àti ti Yunifásítì Chicago kó aboyún 324 tó ń fi kẹrosíìnì àbí igi dáná jọ, wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù ẹtanọ́ọ̀lù (ọmọ ìyá ògógóró ni, ẹ má rẹ́rìn-ín), àwọn yòókù ń bá tiwọn lọ. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ìkẹyìn, 6.4 nínú 100 àwọn tí ò kúrò nídìí kẹrosíìnì àti igi ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tó gba sítóòfù tuntun, 1.9 péré. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì lébà wọ́ọ̀dù lohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fojú aboyún rí.

Ọdún 2017 nìwádìí yìí ti jáde. Lójú tiwa, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ fi sítóòfù tí kì í rú èéfín sínú ohun tí aboyún ń gbà ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sí Ìwó Road, Òjóò, Challenge àti ọjà Bódìjà, kí wọ́n máa ka èsì ẹ̀ lórí rédíò bí wọ́n ṣe ń ka iye tí dọ́là ń lọ. A ò ní kẹ́ ẹ máa lé ìyá alákàrà kiri o, gáàsì wọ́n, ebi sì ń pa ìlú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kówó ìjọba wọ̀ ọ́. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ la máa yẹ̀ wò, tá ò bá rí i níbẹ̀, a máa tún kọ ọ́.