Ẹ Fún Ọmọ Yẹn Lókùn

Ẹ̀yin ọ̀gá tróòpù Sikáòtù tó wà n'Ìbàdàn, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ó pẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ pé tí ìdánwò báàjì bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ariwo kan náà la ó máa gbọ́ ní pápá ilé-ìwé lọ́sàn-án Sátidé? Àwọn ọmọ á tò, wọ́n á na ìka mẹ́ta sókè, wọ́n á máa sáré ka Òfin Sikáòtù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láìmí. Wọ́n á ka ọdún 1907 àti erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Sikáòtù ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka 1915 tí Sikáòtù bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fún ọmọ yẹn lókùn, kí ẹ wá wo ọwọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú kókó okùn kan tí wọ́n ń pè ní bowline nìkan. Ọmọ á sọ fún yín pé òun ni wọ́n fi ń fa èèyàn jáde nínú kòtò, nítorí ojú ẹ̀ kì í fún mọ́ni lára. Ó gbà á. Ẹ wá ní kó so ó mọ́ àyà ọ̀rẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dojú rú. Orí tábìlì ló ti kọ́ ọ, okùn kò yí nǹkan kan ká rí. Ojú kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe yẹn ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀: apá tó jẹ́ ìdí okùn, tó lọ gùn, gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹnu okùn gorí ẹ̀. Ẹnu okùn á wá gba ìsàlẹ̀ yọ sókè nínú ojú náà, á gba ẹ̀yìn ìdí okùn, á sì padà wọ inú ojú kan náà. Tí ọmọ bá gbé ojú yẹn sódì, tó wá tẹ̀ lé ìyókù bó ṣe kọ́ ọ, ẹ kàn fà á, á tú sí yín lọ́wọ́.

Okùn bíi mítà méjì, tó ki tó ìka ọmọńdinrín, tó fún ọmọ kan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó so ó mọ́ òpó, lẹ́yìn náà mọ́ ìbàdí ara ẹ̀, lẹ́yìn náà mọ́ ara ẹlòmíràn, kó tó wá dijú so ó. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè gba gbogbo èyí. Okùn ọ̀rá tí gbogbo wa ń rà lọ́jà yìí sì máa ń yọ̀, ẹ sọ fún wọn kí ìrù tó kù gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Kókó kejì, reef knot, náà ń kọ́? Ọ̀tún gorí òsì, òsì gorí ọ̀tún. Ọmọ tó bá gbé ọ̀tún gorí òsì lẹ́ẹ̀méjì, ẹ óò rí i pé etí okùn méjèèjì dábùú síta dípò kó sùn ti ara okùn. Báńdéèjì la fi ń di, a kì í fi so okùn méjì tí èèyàn máa dìrọ̀ mọ́. Ẹni tó bá kọ́ wọn pé ó dára fún gbogbo nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, kó má kọ́ wọn mọ́.

Bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú ìtọ́jú pàjáwìrì. Imú ń ṣẹ̀jẹ̀, ọmọ á ní kí wọ́n gbójú sókè! Kí ẹni náà tẹ orí síwájú ni, kó fún ibi rírọ̀ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó máa fi ẹnu mí. Iná jóni, epo pupa ni wọ́n á sáré mú, nígbà tó jẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú ló yẹ.

Kọ́ńpáàsì sì rèé, a ní ilé ìṣọ́ gíga Láyípo l'Òkè Ààrẹ n'Ìbàdàn níbí. Ẹ kó wọn lọ síbẹ̀, kí wọ́n kọjú sí ilé gogoro Cocoa House, kí wọ́n ka iye dígírì, kí ẹlòmíràn tún un kà. Tí tiwọn kò bá bára mu, ẹ kọ́kọ́ wo àpò ṣòkòtò: fóònù tàbí kọ́kọ́rọ́ ló máa ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Bíírò kan náà, ọjọ́ kan náà, gbogbo àlàfo ti kún. Àwọn olùyẹ̀wò á bi ọmọ pé, "Kí lo ṣe ní kámpù? Ta lo kọ́ ní nǹkan?" Á wolẹ̀. Kò gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún pátróòlù ẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tó wà nínú tróòpù, rí, kò mọ kóńgò ìrẹsì tí ọmọ mẹ́jọ á jẹ. Kí ló fẹ́ sọ?

Àwọn kan á ní ohun tí olùyẹ̀wò ń béèrè làwọn ń kọ́ ọmọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò ṣeé fi ṣeré, nítorí àwọn olùyẹ̀wò kan kì í gbé okùn wá rárá. Òfin ni wọ́n á ní kí ọmọ kà; tó bá gbàgbé ìkẹjọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ mọ iṣẹ́ á sunkún lọ sílé, èyí tó há a sórí á gba báàjì. Tí mo bá wá ní kí ọ̀gá tróòpù pa àkọ́sórí tì, ṣé kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń fi du báàjì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó yẹ àwọn ọmọ wò rí, ẹ dá mi lóhùn.